Wíwọn Àlàfo Fáàfù Ẹ́ńjìnnì Kékeré àti Títún Un Ṣe Nílé

1.0 Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí gbé yẹ̀ wò ni iṣẹ́ kan tí àwọn mẹkáníìkì ń ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà rí àlàyé rẹ̀ kà ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ náà ni wíwọn àlàfo tí ó wà láàárín rọ́kà àti fáàfù nínú ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń lo epo bẹntiróò, àti títún àlàfo náà ṣe nígbà tí ó bá ti kúrò ní ìwọ̀n tí ó yẹ ẹ́. Sísẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí ń jẹ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Irú ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rọ̀ kàn ni èyí tí ń yí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, tí ń fa omi kànga, tí ń gé koríko, tí àwọn ọlọ́ta mìíràn sì fi ń lọ ata àti ẹ̀wà lójú ọjà.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àjọ NEPA tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 di PHCN ní ọdún 2005. Ní ọdún 2013, ìjọba gbé ẹ̀ka tí ń pèsè iná àti ẹ̀ka tí ń pín in lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ yí padà, olówó yí padà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò kúrò lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye owó epo fò sókè, ó sì di pé ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ epo lásán, tí kò sì ṣe iṣẹ́ tí ó bá epo náà mu, ń jẹ oúnjẹ ọmọ onílé. Ọlọ́ta tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, igbá ata àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíràn, kò sì dájú pé wọn yóò padà wá.

Èrò tí bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Èrò náà ni pé etí àti ọwọ́ nìkan kò tó láti dá ẹjọ́ fáàfù. Àlàfo tí ó fẹ̀ jù a máa pariwo. Àlàfo tí ó fún jù a máa dákẹ́. Èyí tí ó dákẹ́ yìí gan-an ni ó ń jó fáàfù run. Nítorí náà, wíwọ̀n ni iṣẹ́ náà. Fífetísílẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí a lò, àwọn tí ó ti wà lẹ́nu mẹkáníìkì àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni a mú lò bí wọ́n ti ń pè wọ́n: fáàfù, rọ́kà, kámù, písítìnì, púlọ́ọ̀gì. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àpèjúwe ni a fi rọ́pò rẹ̀.

2.0 Bí Ẹ́ńjìnnì ṣe ń Mí

2.1 Ìrìn mẹ́rin písítìnì

Nikolaus Otto, ará Jámánì, ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì onírìn-mẹ́rin tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọdún 1876, ìlànà rẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì òde òní ṣì ń tẹ̀ lé. Ní ìrìn kìíní, písítìnì sọ̀ kalẹ̀, fáàfù ìwọlé ṣí, afẹ́fẹ́ àti epo sì wọlé láti inú kábúrétọ̀. Ní ìrìn kejì, písítìnì gòkè, fáàfù méjèèjì wà ní títì, afẹ́fẹ́ àti epo náà sì di fífúnpọ̀. Ní ìrìn kẹta, púlọ́ọ̀gì ṣáná, epo gbiná, ó sì ti písítìnì wálẹ̀. Ìrìn yìí nìkan ni ó ń mú agbára wá. Ní ìrìn kẹrin, písítìnì tún gòkè, fáàfù ìjáde ṣí, èéfín sì gba ibẹ̀ lọ sínú sàlẹ́ǹsà.

Láti inú èyí ni a ti rí i pé fáàfù ni ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí tó, èémí kò ní wọlé tó. Bí ilẹ̀kùn kò bá tì pa ní ìrìn kejì àti ìkẹta, ohun tí ó yẹ kí a fún pọ̀ yóò ti sá jáde, agbára tí ó yẹ kí ó ti písítìnì yóò sì bá a lọ.

2.2 Ohun tí ń ṣí fáàfù

Fáàfù rí bí olú tí ọ̀pá rẹ̀ gùn. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, inú ibi tí iná ti ń jó ni orí náà kọjú sí. Etí orí náà ni ó ń jókòó lé ojú irin kan tí a ń pè ní ìjókòó fáàfù. Ìdí ọ̀pá rẹ̀ ni ó yọ sí òkè, lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Sípíríǹgì ni ó ń fa fáàfù padà sórí ìjókòó rẹ̀ nígbà gbogbo.

Kámù tí ń yí nísàlẹ̀ ni ó ń pàṣẹ fún un. Kámù ní ìwú lára. Bí ìwú náà bá dé abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì, yóò tì í sókè. Tápẹ́ẹ̀tì yóò ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ọ̀pá náà yóò ti apá kan rọ́kà. Rọ́kà dàbí ọ̀pá òṣùwọ̀n: bí apá kan bá lọ sókè, apá kejì a wálẹ̀. Apá kejì yìí ni ó ń tẹ ìdí fáàfù tí fáàfù fi ń ṣí. Àlàfo tí bébà yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ibi tí rọ́kà ti pàdé ìdí fáàfù yìí, nígbà tí fáàfù bá wà ní títì.

Kámù a máa yí lẹ́ẹ̀kan fún ìyípo méjì tí ẹ́ńjìnnì bá yí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí iná ti ń lọ ní ìwọ̀n 50 Hz, a máa yí ní nǹkan bí ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí fi hàn pé fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó sì ń tì, ní ìgbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan àti ìgbà 90,000 ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí 5 lálaalẹ́ fún ọjọ́ 30, fáàfù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti lu ìjókòó rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 13.5 láàárín oṣù kan náà.

2.3 Ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn àti èyí tí kò kàn

Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì kékeré ni ó ní irú fáàfù yìí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn fi ṣe ẹ̀fẹ̀ sọ ní 'I better pass my neighbour' jẹ́ onírìn-méjì. Ojú ihò tí ó wà lára ògiri sílíńdà ni afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà; písítìnì fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí ihò náà tí ó sì ń dí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá rọ́kà nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń wá ohun tí kò sọnù.

Èyí tí ọ̀rọ̀ kàn ni onírìn-mẹ́rin tí fáàfù rẹ̀ wà lókè orí sílíńdà. Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀wọ́ GX rẹ̀, tí ó jẹ́ irú ẹ́ńjìnnì yìí, ní ọdún 1983. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ṣe àwòkọ rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá mọ ìtúpalẹ̀ ọ̀kan kò ní ṣòro fún un láti mọ ti àwọn ìyókù. GX160, tí agbára inú rẹ̀ jẹ́ 163 cc, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ ìwọ̀n nínú bébà yìí.

3.0 Ìdí tí a fi ń Fi Àlàfo Sílẹ̀

Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè béèrè pé kí ni ó dé tí a kò kúkú jẹ́ kí rọ́kà fara kan fáàfù pátápátá. Káfíńtà yóò dáhùn ìbéèrè yìí kíákíá. Ilẹ̀kùn tí a gbẹ́ ṣe régí mọ́ férémù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní tì mọ́ bí òjò bá dé tí pákó sì wú. Káfíńtà tí ó mọṣẹ́ a máa fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún wíwú pákó. Irin náà a máa wú, ṣùgbọ́n ooru ni tirẹ̀.

Ọ̀pá irin tí ó gùn ní mílímítà 100, bí ooru rẹ̀ bá fi 100 °C lé sí i, yóò fi nǹkan bíi mílímítà 0.12 gùn sí i. Alumíníọ̀mù, tí a fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì, a máa wú ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti irin. Nítorí pé àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí kò wú bákan náà, tí wọn kì í sì í gbóná bákan náà, àlàfo ẹ́ńjìnnì gbígbóná yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì tútù. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì fi sọ ìwọ̀n kan pàtó, tí wọ́n sì là á sílẹ̀ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni kí a wọ̀n ọ́n.

Fún GX160, ìwọ̀n náà jẹ́ mílímítà 0.15 fún fáàfù ìwọlé àti mílímítà 0.20 fún fáàfù ìjáde. Àyè àṣìṣe tí ó wà fún un kò ju mílímítà 0.02 lọ, ìbáà ṣe sókè tàbí sísàlẹ̀. Abala tákàdá ìkọ̀wé tí ó wọ́pọ̀ nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 0.1, èyí fi hàn pé àlàfo fáàfù ìwọlé kò ju abala tákàdá kan àti ààbọ̀ lọ. Fáàfù ìjáde ni ó gba àlàfo tí ó fẹ̀ jù nítorí pé òun ni èéfín gbígbóná ń gba ara rẹ̀ kọjá, nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ fáàfù ìwọlé.

Ohun pàtàkì mìíràn tún wà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru orí fáàfù, ìjókòó rẹ̀ ni ó ń gbà jáde. Ní àkókò kúkúrú tí fáàfù fi jókòó, ó ń gbé ooru rẹ̀ lé ìjókòó lọ́wọ́, ìjókòó sì ń gbé e lé ara ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Fáàfù tí kò bá rí ìjókòó jókòó dáadáa kò rí ibi sọ ẹrù ooru rẹ̀ kalẹ̀.

4.0 Àlàfo Fífẹ̀ àti Àlàfo Fífún

4.1 Àlàfo tí ó fẹ̀ jù

Bí rọ́kà, ìdí fáàfù, ọ̀pá tàbí kámù bá ti jẹ, àlàfo yóò fẹ̀. Rọ́kà yóò wá máa rìn ní òfìfo kí ó tó kan fáàfù, yóò sì máa fi agbára gbá a bí ẹni fi òòlù gbá ìṣó. Ariwo tí ó ń dún wọnwọn láti abẹ́ ìdérí ni èyí. Fáàfù kò ní ṣí tó bí ó ti yẹ, kò sì ní pẹ́ ní ṣíṣí, nítorí náà agbára ẹ́ńjìnnì yóò dínkù díẹ̀.

Àmì kejì rẹ̀ máa ń ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́nu: okùn tí a fi ń jí ẹ́ńjìnnì yóò le. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré ni ó ní ohun kékeré kan lára kámù tí ń ṣí fáàfù fẹ́ẹ́rẹ́ ní àkókò tí a bá ń fa okùn, kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè sá jáde kí okùn má baà le. Ṣíṣí fẹ́ẹ́rẹ́ yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí àlàfo bá fẹ̀ jù, àlàfo náà yóò gbé e mì. Fáàfù kò ní ṣí rárá, okùn yóò sì máa fà padà mọ́ ẹni tí ń fà á lọ́wọ́. Onílé á rò pé nǹkan ti há nínú ẹ́ńjìnnì, kò ní mọ̀ pé àlàfo tí kò ju ìpọ́n tákàdá lọ ni ó ń bá jà.

4.2 Àlàfo tí ó fún jù

Ọ̀nà mìíràn ni èyí ń gbà wá. Bí fáàfù ti ń lu ìjókòó rẹ̀ ní ìgbà 90,000 ní wákàtí kan, ojú méjèèjì ń jẹ díẹ̀díẹ̀, fáàfù sì ń wọ inú ìjókòó rẹ̀ lọ. Bí orí rẹ̀ bá ti ń wọ inú lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìdí ọ̀pá rẹ̀ ń súnmọ́ rọ́kà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Àlàfo tí ó jẹ́ mílímítà 0.20 yóò di 0.15, yóò di 0.10, títí tí kò fi ní sí mọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ariwo ń dínkù ni. Rọ́kà kò rìn ní òfìfo mọ́, kò sì gbá fáàfù mọ́. Okùn pẹ̀lú ń rọ̀ sí i, nítorí pé fáàfù tí kò tì pa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sá jáde. Onílé a gbọ́ ìdákẹ́, a fa okùn tí ó rọ̀, a sì dúpẹ́ pé ẹ́ńjìnnì òun ti mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ìgbà tí fáàfù kò bá jókòó dáadáa mọ́, kò rí ibi sọ ooru rẹ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ iná tí ń jó nínú sílíńdà yóò sì máa gba etí rẹ̀ kọjá. Etí fáàfù yóò jó, yóò là tàbí kí ó jẹ wọ inú. Lẹ́yìn èyí, kò sí àlàfo tí a lè tún ṣe tí yóò mú un bọ̀ sípò.

Àmì tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni pé ẹ́ńjìnnì kò ní jí bọ̀rọ̀, kò sì ní lè gbé ẹrù tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fáàfù ìwọlé ni kò tì pa, iná a máa tutọ́ padà sínú kábúrétọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìjáde, ó lè máa yìnbọn nínú sàlẹ́ǹsà. Púlọ́ọ̀gì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń pààrọ̀, lẹ́yìn náà kábúrétọ̀, nígbà tí ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an wà lábẹ́ ìdérí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí.

4.3 Ohun tí ìfiwéra yìí kọ́ni

Bí a bá gbé ìhà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a óò rí i pé èyí tí ń yọ ènìyàn lẹ́nu ni ó fúyẹ́ jù, èyí tí ó sì tuni lára ni ó burú jù. Èyí kò sọ pé kí a fẹ́ràn ariwo. Ohun tí ó sọ ni pé ìdákẹ́ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà, àti pé mẹkáníìkì tí ó bá fún àlàfo pọ̀ títí tí ariwo fi lọ, kí oníbàárà lè yìn ín, ti ta fáàfù oníbàárà náà.

5.0 Ohun Èlò àti Ìmúrasílẹ̀

Ohun èlò tí iṣẹ́ yìí gbà kò pọ̀: sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì rẹ̀ mu, sípánà púlọ́ọ̀gì, àkísà mímọ́, àti fíílà géèjì. Fíílà géèjì ni ọ̀wọ́ ewé irin pẹlẹbẹ tí a dè pọ̀ ní ìdí bí abẹ̀bẹ̀. Ìpọ́n ewé kọ̀ọ̀kan ni a tẹ̀ sí ara rẹ̀. Àwọn mìíràn fi ẹgbẹ̀rún íńǹṣì kà á: mílímítà 0.15 tó nǹkan bíi 0.006 íńǹṣì, mílímítà 0.20 sì tó nǹkan bíi 0.008 íńǹṣì.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fi rọ́pò rẹ̀ ni ojú abẹ ayùn irin. Ojú ayùn tí a fi ń gé irin nípọn ju mílímítà 0.6 lọ, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́ta àlàfo tí a ń wá lọ. Tákàdá náà kò dára tó, nítorí pé ó rọ̀. Bí a bá fi rọ́kà fún un, yóò pẹlẹbẹ, ìwọ̀n yóò sì tàn wá.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Òwúrọ̀, kí a tó tan án, ni ó dára jù. Kí aṣàtúnṣe gbé e jáde sí ìta gbangba, kí ó ti ẹnu epo, kí ó sì yọ fìlà púlọ́ọ̀gì kúrò kí ẹ́ńjìnnì má baà jí mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ó nu gbogbo àyíká ìdérí rọ́kà kí ó tó ṣí i, nítorí pé iyanrìn kékeré tí ó bá bọ́ sí ibẹ̀ yóò bá ọ́ìlì kiri gbogbo inú ẹ́ńjìnnì.

6.0 Bí Iṣẹ́ náà ṣe ń Lọ

6.1 Wíwá ipò písítìnì

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Fáàfù méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní títì kí a tó wọn àlàfo, ìyẹn ni pé kí písítìnì wà ní téńté òpin ìrìn kejì. Kí aṣàtúnṣe yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó fi àtàǹpàkò bo ihò rẹ̀, kí ó sì máa fa okùn jẹ́jẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti àtàǹpàkò náà, ìrìn kejì ni písítìnì wà yẹn. Kí ó wá fi ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lè kán sínú ihò náà, kí ó sì máa yí ẹ́ńjìnnì títí tí ọ̀pá náà kò fi ní gòkè mọ́.

Ní ipò yìí, rọ́kà méjèèjì yóò máa mì díẹ̀ bí a bá fi ìka mì wọ́n. Bí a bá yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn tí rọ́kà méjèèjì sì ń bá a rìn, òpin ìrìn kẹrin ni písítìnì wà. Kí a yí i ní odindi ìyípo kan sí i. Ìwé ìtọ́ni àwọn ẹ́ńjìnnì kan sọ pé kí písítìnì kọjá téńté náà díẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí ohun tí ń mú okùn rọ̀, tí a mẹ́nu bà ní 4.1. Ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan bá sọ ni kí a tẹ̀ lé.

6.2 Wíwọ̀n

Fáàfù tí ó wà ní ìhà kábúrétọ̀ ni ti ìwọlé. Èyí tí ó wà ní ìhà sàlẹ́ǹsà ni ti ìjáde. Kí aṣàtúnṣe má ṣe pa wọ́n dà. Kí ó ti ewé géèjì tí ó jẹ́ 0.15 sí àárín rọ́kà àti ìdí fáàfù ìwọlé. Bí àlàfo bá pé, ewé náà yóò wọlé, ṣùgbọ́n yóò máa fa ọwọ́ díẹ̀ bí ìgbà tí a bá fa ìwé láàárín ìka méjì tí kò fún un pọ̀ jù.

Nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, kí ó fi ewé méjì mìíràn ṣe ẹlẹ́rìí. Ewé 0.13 gbọ́dọ̀ wọlé láìfa ọwọ́. Èyí tí ó nípọn ju 0.17 lọ kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Fún fáàfù ìjáde, ewé 0.20 ni yóò lò, ẹlẹ́rìí rẹ̀ sì ni 0.18 àti èyí tí ó ju 0.22 lọ. Bí àwọn ẹlẹ́rìí bá ti fohùn ṣọ̀kan, kò sí ohun tí a ní í tún ṣe. Kí ó dá ìdérí padà.

6.3 Títún un ṣe

Bí ìwọ̀n kò bá pé, nọ́ọ̀tì méjì ni ó wà láàárín rọ́kà: ti ìsàlẹ̀ ni rọ́kà ń mì lé lórí, ti òkè sì ni ó ń dè é. Kí aṣàtúnṣe fi sípánà kan di ti ìsàlẹ̀ mú, kí ó sì fi èkejì tú ti òkè. Bí ó bá yí ti ìsàlẹ̀ wọlé, àlàfo yóò dínkù. Bí ó bá yí i jáde, àlàfo yóò fẹ̀. Kí ewé géèjì wà ní àárín ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń yí i. Nígbà tí ó bá rí ìwọ̀n náà, kí ó di ti ìsàlẹ̀ mú kí ó má lè yí mọ́, kí ó sì de ti òkè mọ́ ọn gbọn-in, ṣùgbọ́n láìfi ipá jù ú.

Dídè yìí fúnra rẹ̀ a máa yí ìwọ̀n padà. Nítorí náà, lẹ́yìn dídè ni ìwọ̀n tí a ń kà sí òótọ́. Kí ó tún fa okùn jẹ́jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí bí ìgbà mélòó kan, kí ó dá písítìnì padà sí ipò rẹ̀, kí ó sì wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí ó bá wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì wọ̀n.

6.4 Pípadé àti dídán an wò

Kí aṣàtúnṣe yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí wò. Bí ó bá ti ya, kí ó fi tuntun sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ́ìlì yóò máa jò. Kí ó dá púlọ́ọ̀gì àti fìlà rẹ̀ padà, kí ó wo ìwọ̀n ọ́ìlì, kí ó sì ṣí ẹnu epo. Ìta gbangba ni kí ó ti dán an wò, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í sì í ṣe yàrá tí a ṣí fèrèsé rẹ̀. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní gáàsì olóró tí a ń pè ní kábọ̀nù mọnọ́sáìdì nínú. Kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀, ẹni tí ó bá ń fà á símú lè sùn lọ láìjí. Bí ẹ́ńjìnnì bá jí, ìró fẹ́ẹ́rẹ́ tí ń dún léraléra lábẹ́ ìdérí kì í ṣe àbùkù. Ó ń fi hàn pé àlàfo wà níbi tí ó yẹ kí àlàfo wà.

7.0 Ibi tí Iṣẹ́ Ilé Parí Sí

Ìgbà mẹ́ta ni ó yẹ kí onílé gbé ẹ́ńjìnnì tọ oníṣẹ́ lọ. Èkínní ni ìgbà tí àlàfo bá ti pé ṣùgbọ́n tí ìfúnpọ̀ kò padà. Ó lè jẹ́ pé fáàfù ti jó, ó sì lè jẹ́ pé ríìngì písítìnì ni ó jẹ. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, títú orí ẹ́ńjìnnì ni ó kàn. Èkejì ni ìgbà tí àlàfo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe bá tún fún láìpẹ́. Èyí fi hàn pé ìjókòó fáàfù ń jẹ kíákíá, wíwọ̀n léraléra kò sì lè wò ó sàn.

Ẹ̀kẹta ni ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí fáàfù rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ sílíńdà. Púpọ̀ nínú irú èyí kò ní nọ́ọ̀tì tí a lè yí. Bí àlàfo bá fún, ìdí ọ̀pá fáàfù ni a óò lọ̀ kúrú. Bí ó bá fẹ̀, ojú ìjókòó ni a óò lọ̀ kí fáàfù lè sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí a bá ti lọ̀ kúrò lára irin kò ṣe é dá padà, nítorí náà iṣẹ́ ẹni tí ó ní irinṣẹ́ rẹ̀ ni.

Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ náà kò kọjá agbára ẹni tí ó lè fi sùúrù ka ìwé ìtọ́ni. Ìwé náà yóò sọ iye wákàtí tàbí oṣù tí ó yẹ kí a fi yẹ àlàfo wò. Kí onílé kọ ọjọ́ tí ó wọ̀n ọ́n àti ìwọ̀n tí ó bá nílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Lẹ́yìn ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, ìwé náà yóò fi hàn án bóyá àlàfo ń fẹ̀ ni tàbí ó ń fún, àti bí ó ṣe ń yára tó. Etí kò lè rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

8.0 Ìkádìí

Bébà yìí ti ṣe àlàyé pé fáàfù ni ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì, pé àlàfo tí a fi sílẹ̀ fún un ni ó ń jẹ́ kí ó tì pa bí irin tilẹ̀ wú, àti pé ìjókòó rẹ̀ ni ó ń gbà sọ ooru kalẹ̀. Ó ti fi hàn pé àlàfo fífẹ̀ a máa pariwo, okùn rẹ̀ a sì le, nígbà tí àlàfo fífún a máa dákẹ́, okùn rẹ̀ a sì rọ̀. Àti pé èyí tí ó dákẹ́ ni ó ń pa fáàfù. Ó sì ti to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, láti orí ẹ́ńjìnnì tútù dé orí ìwọ̀n ìkẹyìn lẹ́yìn dídè.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí a bá kọ́ pé kí ó yí nọ́ọ̀tì títí ariwo yóò fi lọ, ohun tí ó tọ́ ní ìdàkejì ni a kọ́ ọ. Èyí tí a bá kọ́ láti ti ewé 0.20 sí àárín rọ́kà àti ìdí fáàfù, tí a sì sọ ìdí rẹ̀ fún un ní èdè tí ó fi ń ronú, yóò lè dá dúró níwájú ẹ́ńjìnnì tí kò rí rí. Géèjì náà kò wọ́n lọ́jà. Owó tí ọlọ́ta ń pàdánù ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ̀ láti jí ni ó wọ́n.